Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Iṣẹ́ IMA: Sójà Reserve Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́ Láàárín Àwọn Ológun Ojoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àti àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ń béèrè lemọ́lemọ́. Ìlànà ọmọ ogun òfuurufú ni mo gbé ìdáhùn kà jù. Níbi tí ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ bá ti yàtọ̀, mo máa sọ ọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní IMA?

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Individual Mobilization Augmentee. Sójà Reserve ni, ìyẹn ológun tí kì í ṣe iṣẹ́ ológun lójoojúmọ́, àmọ́ kò sí nínú yúníìtì Reserve kankan. Wọ́n fi í sí àyè kan pàtó ní ibi tí àwọn ológun ojoojúmọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti mọ iṣẹ́ àyè yẹn ṣáájú, kó fi jẹ́ pé tí ogun tàbí pàjáwìrì bá dé, ó kàn máa jókòó sídìí iṣẹ́ náà ni. Ọmọ ogun òfuurufú ní wọn, ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní wọn, àwọn Marines náà ní wọn.

Ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ológun, ó lè jẹ́ lọ́yà, àlùfáà, ẹ́ńjínnìà, tàbí ẹni tó ń tú ìròyìn àṣírí palẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni Reserve ní gbogbo ọ́fíìsì náà.

Kí ló fi yàtọ̀ sí àwọn Reserve tó máa ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù?

Nínú yúníìtì Reserve, Sátidé kan náà ni gbogbo yín máa wọlé. Wọ́n á pe orúkọ, akọ̀wé á kọ owó yín sílẹ̀, ẹnì kan á rán yín létí pé ẹ ò tíì lọ rí dókítà eyín. IMA ò ní irú ìyẹn. Ẹ̀yin àti ọ̀gá ibẹ̀ lẹ máa jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹ máa wá: ó lè jẹ́ Mọ́ńdè àti Túsìdeè lóṣooṣù, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbáko lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí rọrùn fún ẹni tó ní iṣẹ́ míì àti ọmọ nílé nìyẹn. Òun kan náà ló sì ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo mọ àwọn tó já fáfá lẹ́nu iṣẹ́, tí ọdún wọn ṣòfò nítorí pé kò sẹ́ni tó bá wọn ka kàlẹ́ńdà, tí àwọn náà ò sì kà á. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ ìbéèrè ń já sí nìyí.

Ta gan-an ni ọ̀gá mi?

Ọ̀gá méjì lẹ ní. Èyí tó wà ní yúníìtì tí wọ́n fi yín sí ló ń fún yín níṣẹ́, òun ló ń fọwọ́ sí i pé ẹ wá, òun ló sì ń kọ ìwé tó sọ bí ẹ ṣe ṣe sí. Ìkejì ni ọ́fíìsì tó ń tọ́jú fáìlì yín. Fún ọmọ ogun òfuurufú, HQ RIO ni, olú ilé rẹ̀ wà ní Buckley Space Force Base ní Aurora, ìpínlẹ̀ Colorado, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri. Fún ọmọ ogun orí ilẹ̀, Human Resources Command ní Fort Knox, ìpínlẹ̀ Kentucky, ni ẹ máa bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ ti yúníìtì. Owó tí kò wọlé, ìwé àṣẹ, ìgbéga, àyẹ̀wò ara, ti ọ́fíìsì kejì ni. Ẹ má ṣe retí pé àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa yín láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ so wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dún?

Ọdún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń kà á, láti 1 October sí 30 September. Ọ̀pọ̀ IMA ọmọ ogun òfuurufú wà ní ìsọ̀rí B: IDT (Inactive Duty Training, ìyẹn ìgbà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa ń wá láàárín ọdún) 24, àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tó jẹ́ ọjọ́ 12 sí 14. IDT kan kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 4, ẹ sì lè ṣe méjì lójúmọ́, ìyẹn ni pé 24 jẹ́ ọjọ́ 12 tí ẹ bá ń ṣe é ní kíkún. Àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A ń ṣe 48.

Àfikún iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́. Tí yúníìtì bá nílò yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè fi owó tiwọn gbà yín fún oṣù mélòó kan. Àwọn tó wà ní òfuurufú ń pè é ní MPA, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ń pè é ní ADOS.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó?

IDT kan jẹ́ ìdá kan nínú 30 owó oṣù ìpìlẹ̀ yín. Ká ní owó oṣù ìpìlẹ̀ ipò yín jẹ́ $4,500, IDT kan á jẹ́ $150, ọjọ́ tí ẹ bá ṣe méjì á sì jẹ́ $300. Kò sí owó ilé lórí IDT. Ní ọjọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún, owó ọjọ́ kan ni wọ́n ń san, àmọ́ owó ilé àti owó oúnjẹ wà lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe lọ sílé lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá yín ti fọwọ́ sí i. Ní òfuurufú, orí ìkànnì UTAPSweb lẹ máa ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ ṣáájú, ọ̀gá á sì jẹ́rìí sí i lẹ́yìn iṣẹ́. Ní orí ilẹ̀, fọ́ọ̀mù DA 1380 ni. Ọ̀gá tó bá gba ìgbéga lọ sí ibòmíràn ní oṣù tó ń bọ̀ kò ní rántí Túsìdeè tí ẹ wá.

Ta ló ń san owó ọkọ̀ mi?

Fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún, ìjọba ni. Fún IDT, àpò ara yín ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ ro ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gba àyè tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń gbé ní Houston tó gba àyè ní Washington máa ra tíkẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Ohun tó ń dín in kù ni pé kẹ́ ẹ kó IDT yín pọ̀ sójú kan, tàbí kẹ́ ẹ so wọ́n mọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún kó lè jẹ́ ìrìn ẹ̀ẹ̀kan. Bí ibi iṣẹ́ bá jìn ju máìlì 100 lọ sílé yín, tí ẹ sì sun ibẹ̀, òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ gbà yín láyè láti yọ ìnáwó tí wọn ò dá padà fún yín kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, lórí fọ́ọ̀mù 2106. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Green card ni mo ní. Ṣé mo lè di IMA?

Ẹni tó ní green card lè wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, àmọ́ kì í sábà lè di ọ̀gá ológun tó ní ìwé àṣẹ ààrẹ. Ṣùgbọ́n IMA kì í sábà jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń wá, púpọ̀ nínú àyè náà ló sì ń béèrè clearance (àṣẹ láti rí ohun àṣírí ìjọba), tí ó ń béèrè pé kẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ni pé iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ ń yára sọni di ọmọ Amẹ́ríkà. Láti 11 September 2001 ni ìjọba ti ka àsìkò yìí sí àsìkò ogun, ẹni tó bá sì sìn dáadáa nínú rẹ̀, títí kan Selected Reserve tí IMA wà lábẹ́ rẹ̀, lè kọ N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àtidi ọmọ Amẹ́ríkà, láìsanwó. Iléeṣẹ́ ológun máa fọwọ́ sí N-426, fọ́ọ̀mù tó jẹ́rìí sí iṣẹ́ ológun rẹ̀, fún un. Àwọn kan tún ń béèrè ètò MAVNI, tó máa ń gba àwọn àjèjì wọ iṣẹ́ ológun, tí Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń gba èèyàn. Láti 2016 ni wọn ò ti gba ẹnikẹ́ni wọlé nípasẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é fẹ́ jẹ owó yín ni.

Tí mo bá di ọmọ Amẹ́ríkà, ṣé mi ò ní jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́?

Ẹ ṣì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá jẹ́ pé ìbí lẹ fi jẹ́ ẹ. Abala 28 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ìbí ló fi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ni òfin yìí ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Amẹ́ríkà náà ò fi òfin de jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì.

Ṣé agbanisíṣẹ́ mi lè lé mi nítorí iṣẹ́ ológun?

Rárá. Òfin USERRA ti 1994 dáàbò bò yín, yálà iṣẹ́ ìjọba ni tàbí iṣẹ́ aládàáni, bó ti wù kí iléeṣẹ́ náà kéré tó. Tiyín ni pé kẹ́ ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Òfin gbà kẹ́ ẹ fẹnu sọ ọ́, àmọ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí íméèlì.

Tí ẹ bá lọ fún ọjọ́ tí kò tó 31, ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn lẹ máa padà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé tí ẹ sì ti sinmi wákàtí 8. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 31 sí 180, ẹ ní ọjọ́ 14 láti sọ pé ẹ ti dé. Tó bá ju 180 lọ, ọjọ́ 90. Ọdún márùn-ún ni àpapọ̀ ìsinmi ológun tí òfin gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n IDT àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún kì í wọ inú rẹ̀.

Òfin náà ò sọ pé kí wọ́n san owó ọjọ́ tí ẹ ò wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí agbanisíṣẹ́ bá ń ṣe agídí, ẹ kàn sí ESGR, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Reserve àti agbanisíṣẹ́, kẹ́ ẹ tó ronú ilé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń bá agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Adójútòfò ìlera ńkọ́?

Ẹ lè ra TRICARE Reserve Select fún ara yín àti ìdílé yín, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń gbà. Ọ̀kan tó máa ń já àwọn nọ́ọ̀sì wa kulẹ̀ nìyí: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí adójútòfò òṣìṣẹ́ ìjọba, bí àwọn tó wà ní ọsibítù VA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun), kò lè rà á títí di 1 January 2030.

Kí ni "ọdún rere"?

Ọdún rere ni ọdún tí ẹ kó pọ́ìntì 50 jọ, ó kéré tán. Ogún ọdún rere ló ń fún yín ní owó ìfẹ̀yìntì Reserve. Ọdún tí ẹ ní pọ́ìntì 49, kò sí nínú ogún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn pọ́ìntì yẹn kò sọnù.

Ẹ bá mi ṣírò ti ìsọ̀rí B. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán fún yín ní 15. IDT 24 fún yín ní 24. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ 12 fún yín ní 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51. Pọ́ìntì ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láàárín yín àti ọdún tó bàjẹ́. Tí yìnyín bá dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí ẹ pàdánù IDT méjì tí ẹ ò sì ṣe wọ́n padà, ọdún yẹn ti lọ.

Ẹ tún wo iye tó máa jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n ń pín àpapọ̀ pọ́ìntì sí 360 láti mọ iye ọdún tó jẹ́. Ẹni tó ṣe 51 fún ogún ọdún ní 1,020, kò tó ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ ètò àtijọ́, tó ń fúnni ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kan, ìdá 7 owó oṣù ni ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Lábẹ́ ètò tuntun, fún àwọn tó wọlé láti 1 January 2018, ìdá 2 ni fún ọdún kan, kò sì ní tó ìdá 6. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa gba MPA tàbí ADOS nígbà tí ara ṣì le: gbogbo ọjọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì kan.

Mo ṣe gbogbo ọjọ́ mi. Kí ló dé tí wọ́n ní ọdún mi kò dára?

Ìbéèrè tó ń dunni jù nìyí, torí pé ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé. Kàlẹ́ńdà méjì ló wà. Ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 October ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ ṣe ojúṣe yín. Ọdún ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ń ka ọdún rere, ọjọ́ tí ẹ wọ iṣẹ́ ni tirẹ̀ sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì ò mọ̀ pé kejì wà rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọdún ìfẹ̀yìntì yín ń bẹ̀rẹ̀ ní 15 March. Ẹ ṣe gbogbo IDT àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìnáwó 2025 láàárín October 2024 sí February 2025, torí ẹ fẹ́ kó tán kíá. Ní ọdún ìnáwó 2026, iṣẹ́ yín míì dí, ẹ wá ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín April sí August 2026. Ọdún ìnáwó méjèèjì pé. Ṣùgbọ́n láti 15 March 2025 sí 14 March 2026, ẹ ò yọjú lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ìntì 15 péré ló wà nínú ọdún yẹn.

Ẹ wo ọjọ́ náà lórí àkọsílẹ̀ pọ́ìntì yín lónìí, kẹ́ ẹ fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà ilé. Kó ku oṣù mẹ́ta kó pé, ẹ ka pọ́ìntì yín. Bí ó bá dín, ẹ bẹ ọ̀gá yín kó jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe IDT tí kò lówó lórí, èyí tó ń fúnni ní pọ́ìntì nìkan; àwọn ẹ̀kọ́ kan tí ẹ lè ṣe láti ilé náà ń fúnni ní pọ́ìntì. Lẹ́yìn tí ọdún bá ti pé, kò sí àtúnṣe.

Ìgbà wo ni owó ìfẹ̀yìntì ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹni ọgọ́ta ọdún. Tí ìwé àṣẹ kan tó wọ ẹ̀ka tí òfin dárúkọ bá gbé yín wọ iṣẹ́ ológun ojoojúmọ́ lẹ́yìn 28 January 2008, gbogbo ọjọ́ 90 tí ẹ bá kó jọ ń fa ọjọ́ orí náà sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, kò kàn lè kọjá ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹ béèrè irú ìwé àṣẹ tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ṣé wọ́n lè gbé mi lọ sójú ogun?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí àyè náà fi wà nìyẹn. Nígbà tí ààrẹ bá kéde pàjáwìrì orílẹ̀-èdè, wọ́n lè pe yín fún oṣù 24. Lábẹ́ ìpè ààrẹ tí kò tó ìyẹn, ọjọ́ 365. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ̀ǹda ara wọn kí wọ́n tó pè wọ́n. Ẹ rí i pé ẹni tó máa mú àwọn ọmọ wà, pé ìwé ìhágún wà, pé orúkọ tó wà lórí SGLI, adójútòfò ẹ̀mí tó lè tó $500,000, ṣì jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ kó gbà á.

Mò ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìbàdàn lóṣooṣù. Ṣé kò ní ba clearance mi jẹ́?

Fífi owó ránṣẹ́ sí ìyá ẹni kì í ba nǹkan jẹ́. Kíkọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Fọ́ọ̀mù SF-86, tí wọ́n fi ń tọrọ clearance, béèrè gbangba bóyá ẹ ti ran ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ó béèrè ilẹ̀, ilé àti àkáǹtì báńkì tó wà lókè òkun. Púlọ́ọ̀tì tí ẹ rà ní Mọ́wẹ̀ tí ẹ ò tíì kọ́ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́. Àkáǹtì Nàìjíríà tó ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà nínú? Ẹ kọ òun náà.

Abala 18 fẹ́ orúkọ òbí, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, àti òbí ìyàwó tàbí ọkọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lemọ́lemọ́, abala 19 ni àyè rẹ̀. Ní ilé olórogún, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí kó bá yín to ọjọ́ ìbí àwọn èèyàn jọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí ẹ máa tún lò nígbà míì. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ ìbí gan-an, fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún ìfojúdíwọ̀n.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ fo ìbéèrè kan. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí mọ̀ pé ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ wà ní gbogbo ayé, òtítọ́ yín ni wọ́n ń wò.

Bàbá mi kú, mo fẹ́ lọ sin ín lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹni tó ní clearance gbọ́dọ̀ sọ fún ọ́fíìsì ààbò yúníìtì rẹ̀ kó tó jáde ní Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ìrìn àjò ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì bí èyí, ẹ pe ọ̀gá yín lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé. Tí ẹ bá padà, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pé. Tí ẹ bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, níní rẹ̀ àti lílò rẹ̀ náà jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu yín. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà lẹ gbọ́dọ̀ fi jáde, kẹ́ ẹ sì fi wọlé padà sí Amẹ́ríkà.

Ọ̀gá tuntun tó dé ò mọ ohun tó ń jẹ́ IMA. Kí ni mo lè ṣe?

Ó wọ́pọ̀, torí ọdún méjì mẹ́ta ni àwọn ológun ojoojúmọ́ ń lò níbì kan. Ẹ bá a jókòó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ gbé ìwé kan ṣoṣo lọ: ọjọ́ tí ẹ máa wá lọ́dún náà, ọjọ́ tí ọdún ìfẹ̀yìntì yín pé, ọjọ́ tí ìwé ìdíwọ̀n iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ jáde, orúkọ ẹni tó lè pè ní RIO. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin ránṣẹ́ sí i nípa ohun tí ẹ ṣe, torí inú ìyẹn ló ti máa kọ ìdíwọ̀n iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n ń rí lọ́jọ́ mélòó kan lọ́dún kò lè retí pé iṣẹ́ rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ fún un.

VA ń san owó àìlera fún mi. Ṣé mo lè gba owó IDT pẹ̀lú?

Ẹ ò lè gba méjèèjì fún ọjọ́ kan náà. IDT kan jẹ́ ọjọ́ kan lójú VA, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ ṣe IDT méjì ń gba owó VA ọjọ́ méjì. Fọ́ọ̀mù 21-8951 ni wọ́n fi ń yan èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀. Owó VA ló sábà ń kéré jù, òun ni ọ̀pọ̀ ń jọ̀wọ́. Tí ẹ bá dákẹ́, wọ́n máa mọ̀, gbèsè á sì gùn yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 18 lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kí ló dé tí wọ́n ń fún mi ní ìwé kan láti fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà mí?

Òfin wà pé ẹni tó bá wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kì í ṣe ti ìdálẹ́kọ̀ọ́, tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ lápapọ̀ sì ti tó ọdún 18 láìtíì pé 20, wọn ò gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀ láìgba àṣẹ láti òkè, títí á fi pé 20 tó sì gba ìfẹ̀yìntì ojoojúmọ́, èyí tí kò ní dúró de ọgọ́ta ọdún. Ìwé tí wọ́n gbé wá ni pé ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yìí fún ìwé àṣẹ tí kò tó ọjọ́ 180.

Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, àmọ́ ohun ńlá lẹ ń fi sílẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ pọ́ìntì yín kí ẹ ka ọjọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdálẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá lọ́yà ológun ní ibùdó yín. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.